Ta Ló Gbé Fídíò Náà Síwájú Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí kan gbogbo ilé tí fóònù bá wà, ìyẹn ni pé kò sí ilé tí kò kàn. Ó dá lórí àwọn fídíò tó máa ń ṣàdédé gbòde: ijó kan, eré kan, tàbí ìpèníjà kan tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ní ìlú òkèèrè, tí yóò sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn ọmọ àdúgbò wa náà máa ṣe é níwájú ilé. Bí a bá bi àwọn ènìyàn pé báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, èsì tí wọ́n sábà máa ń fún wa ni pé, "Òun ló ń jà nílẹ̀ báyìí." Mo gbà pé òun ló ń jà nílẹ̀, àmọ́ n kò gbà pé ó dédé jà. Àwọn kan ló gbé e wá síwájú wa. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi gbé e wá. Àwọn yẹn ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 2014. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í da omi yìnyín lé orí ara wọn. Ẹni tó fẹ́ ṣe é á dúró lórí koríko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí yìnyín léfòó nínú rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Á kọjú sí kámẹ́rà, á dárúkọ ẹni tó pè é níjà, á sì dárúkọ àwọn mìíràn pé wákàtí 24 ni òun fún wọn: kí wọ́n da omi náà sára tàbí kí wọ́n fi owó ṣèrànwọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì á dojú dé, igbe á ta, onítọ̀hún á máa gbọ̀n, á máa fò sókè. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

ALS ni orúkọ àìsàn tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe é. Àìsàn náà máa ń pa àwọn iṣan tí ọpọlọ fi ń rán ara níṣẹ́. Ọwọ́ lè kọ́kọ́ kú, ẹsẹ̀ lè kọ́kọ́ kú, ọ̀rọ̀ sísọ á di ìnira, oúnjẹ gbígbé mì á di ìnira, títí tí èémí gan-an á fi ṣòro mí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tí àìsàn náà ń bá fínra wà lára àwọn tó gbé ìpèníjà yìí dé ibi gíga: Pete Frates, tó ti ṣeré bésíbọ́ọ̀lù fún Boston College, àti Pat Quinn, ará Yonkers ní ìpínlẹ̀ New York. Frates papòdà ní 2019, Quinn tẹ̀ lé e ní 2020. Owó tó wọlé fún ALS Association, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti àìsàn náà ní Amẹ́ríkà, tó mílíọ̀nù 115 dọ́là. Facebook ní fídíò tó lé ní mílíọ̀nù 17 ni àwọn ènìyàn gbé sórí ojú òpó àwọn, àti pé ènìyàn mílíọ̀nù 440 ló wò wọ́n. Nígbà tó di 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí apá kan owó náà tì lẹ́yìn kéde pé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní NEK1 lọ́wọ́ nínú àìsàn yìí. Iṣẹ́ rere ni. Ẹni tó bá ti tọ́jú ẹbí rẹ̀ lórí àìsàn tí kò gbóògùn yóò mọ̀ bí iṣẹ́ náà ti tó.

Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ ọdún 2014? Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń da omi tútù síra wọn lára fún ẹ̀rín, tí wọ́n sì ń ya fídíò rẹ̀.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé Facebook ti yí ilé rẹ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, bí fídíò bá bọ́ síwájú rẹ, á dúró jẹ́ẹ́ bí àwòrán títí ìwọ fúnra rẹ á fi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Láti ìparí 2013 wọnú 2014, Facebook sọ ọ́ di pé kí fídíò máa ṣí fúnra rẹ̀ láìsí ohùn, bí ojú rẹ bá ti kàn án. Ẹ wá wo fídíò omi yìnyín lójú ara yín. Ṣé ó nílò ohùn? Ènìyàn kan dúró, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lókè orí rẹ̀, ìwọ náà sì ti mọ ohun tó ń bọ̀. Àtàǹpàkò rẹ tó ń sún ojú fóònù lọ sókè á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mẹ́rin, kí o lè rí i bí omi ṣe máa dà. Ní oṣù kẹfà 2014 kan náà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú kí ìpèníjà yìí tó gbòde, Facebook kéde pé àwọn yóò máa wo bí ènìyàn ṣe pẹ́ tó lórí fídíò, àti pé ẹni tó bá ń wo fídíò ni àwọn yóò túbọ̀ máa kó fídíò fún. Nítorí náà, ìdúró àtàǹpàkò yẹn, ìbò ni o dì. Ẹ̀rọ kà á, ó sì gbé òmíràn wá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn náà, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Michael Brown, ní ìlú Ferguson ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ìlú dàrú, àwọn ènìyàn tú síta, ọlọ́pàá ń yìn tajútajú. Onímọ̀ nípa àwùjọ kan, Zeynep Tufekci, kíyè sí ohun kan nígbà náà, ó sì kọ ọ́ síta: lórí Twitter, Ferguson ni gbogbo ènìyàn ń sọ, àmọ́ lórí Facebook tirẹ̀, omi yìnyín ló kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lórí méjèèjì, nítorí náà kì í ṣe pé àwọn kan láàánú, àwọn kan ò láàánú. Twitter ìgbà náà máa ń to ọ̀rọ̀ bí ó ṣe ń wọlé ní títẹ̀léra aago. Facebook ń ṣà, ó ń yàn, ó sì rọrùn fún àwọn ènìyàn láti tẹ "mo fẹ́ràn rẹ̀" sí abẹ́ ẹni tó ń gbọ̀n nínú omi tútù ju abẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tí ọlọ́pàá pa lọ. Ìyálọ́jà tó bá ní kí alátà pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹlẹ́ja lọ pàtẹ lẹ́yìn ọjà, kò fipá mú ẹnikẹ́ni ra ata. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àpò àwọn méjèèjì tí ilẹ̀ bá ṣú. Ní 2016, Twitter pẹ̀lú fi títò aago sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé àwọn ìyípadà wọ̀nyí ní owó nínú. Fídíò tó ń ṣí fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí a pẹ́ lórí fóònù, bí a bá sì ṣe ń pẹ́ tó ni ìpolówó ọjà tí wọ́n lè fi hàn wá ṣe ń pọ̀ sí i. Ní 2016, Facebook jẹ́wọ́ fún àwọn olùpolówó ọjà pé ìṣirò àwọn nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń pẹ́ tó lórí fídíò ti ga ju bó ṣe yẹ lọ láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, nítorí pé wọn kò ka àwọn tí kò lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lórí rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn kan ti gba ìṣirò yẹn gbọ́, wọ́n ti dá àwọn akọ̀ròyìn dúró, wọ́n ti fi owó gba àwọn tó ń ṣe fídíò. Àwa tí a ń ra dátà níhìn-ín náà ń san tiwa. Gbogbo fídíò tó bá ṣí láìjẹ́ pé o ní kó ṣí, dátà rẹ ló ń jẹ.

Nígbà mìíràn, fídíò tó gbòde ló máa ń yí ojú òpó padà. Nígbà tí Psy, ọmọ Kòríà Gúúsù, gbé orin "Gangnam Style" jáde ní oṣù keje 2012, ó di fídíò àkọ́kọ́ tí wọ́n wò tó bílíọ̀nù kan ìgbà lórí YouTube, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún náà. Iye tó ga jù tí òǹkà YouTube ìgbà náà lè kà lórí fídíò kan ni 2,147,483,647, ẹnikẹ́ni kò sì rò ó rí pé fídíò kan lè dé ibẹ̀. Ní ìparí 2014, ó dé ibẹ̀, YouTube sì ní láti fi òǹkà tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún 2013 ẹ̀wẹ̀, Billboard, àwọn tó ń to orin ní ipò ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ka wíwò orí YouTube mọ́ ìṣirò wọn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ náà ni orin "Harlem Shake" ti Baauer fò wọlé sí ipò kìíní, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú rẹ̀ jó ijó wèrè níbi iṣẹ́ àti nílé ẹ̀kọ́. Àwọn ará Harlem gan-an bínú. Wọ́n ní ijó tí ń jẹ́ orúkọ yẹn ti wà ní àdúgbò àwọn láti nǹkan bí ọdún 1981, àti pé èyí tí gbogbo ayé ń jó kò jọ ọ́ rárá.

Ìbínú yẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Jalaiah Harmon, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì dùn mí gidigidi. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà náà, ó ń gbé lẹ́bàá Atlanta ní ìpínlẹ̀ Georgia, aláwọ̀ dúdú ni, ó sì ń kọ́ ijó lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án 2019, ó dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó gbọ́ orin K Camp kan, ó sì to ẹsẹ̀ ijó sí i. Ẹ̀ṣẹ́ á lọ síwájú, apá á ká bí ìgbì omi, ìbàdí á yí, ọwọ́ á lu ara, gbogbo rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé ìlù débi pé ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kọ́ ọ kò lè jó o. Ó gbé e sórí Instagram. Renegade ni orúkọ tí wọ́n mọ ijó náà sí.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi gbé ijó náà lọ sórí TikTok, kò sì dárúkọ rẹ̀. TikTok ìgbà yẹn ṣì tuntun lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ 2018 ni ByteDance, iléeṣẹ́ Ṣáínà tó ni ín, da Musical.ly pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí Facebook ni pé kò nílò kí o ní ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ tí o bá ṣí, ẹ̀rọ ló yan ohun tó wà níbẹ̀ fún ọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí o kò mọ̀ rí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Charli D'Amelio, tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ti pọ̀ jàn-án-ràn, jó Renegade, gbogbo ayé sì gbà á bíi tirẹ̀. Àwọn gbajúmọ̀ akọrin jó o. Jalaiah ń wò wọ́n lórí fóònù rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ fídíò àwọn kan pé òun lòun dá ijó náà sílẹ̀. Wọn kò kà á kún. Ó di oṣù kejì 2020, nígbà tí ìwé ìròyìn New York Times kọ ìtàn rẹ̀, kí ayé tó mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pè é lọ jó níbi ayẹyẹ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ NBA ní Chicago.

Ó rọrùn láti bínú sí ọmọbìnrin kejì, àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ojú òpó náà. Nísàlẹ̀ fídíò TikTok kọ̀ọ̀kan, orúkọ orin wà níbẹ̀. Fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á gbé ọ lọ sí ibi tí gbogbo fídíò tó lo orin náà wà. Olórin ní ààyè tirẹ̀. Alájòótà kò ní. Nígbà náà, kò sí ibi kankan tí wọ́n pèsè fún orúkọ ẹni tó dá ẹsẹ̀ ijó sílẹ̀, nítorí náà bí ijó bá ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, orúkọ á jábọ́ sọ́nà. Ní àárín ọdún 2021, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ń dá ijó sílẹ̀ panupọ̀ pé àwọn kò ní to ijó sí orin tuntun Megan Thee Stallion, kí ayé lè rí bí ojú òpó náà ṣe máa rí bí àwọn kò bá sí níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2022, TikTok fi bọ́tìnì kan sí i tí ènìyàn lè fi tọ́ka sí fídíò tí ó ti mú èrò tirẹ̀. Ó yẹ kí bọ́tìnì yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Àwa tí a bá àṣà oríkì dàgbà, tí a mọ̀ pé orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ kò gbọdọ̀ já lẹ́nu ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ fi ìtàn náà wé ti àwọn Ikorodu Bois tiwa. Àwọn ọmọ Ìkòròdú yìí máa ń fi ohun tó wà nílé ṣe àfarawé fíìmù ńláńlá: bàrọ́ọ̀ di ọkọ̀, igi di ìbọn. Ní 2020 wọ́n ṣe àfarawé fíìmù "Extraction", wọ́n sì gbé fídíò wọn àti ojúlówó fẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí Twitter lórúkọ ara wọn. Àwọn ọ̀gá tó ṣe fíìmù náà rí i, wọ́n yìn wọ́n ní gbangba, Netflix sì fi kámẹ́rà àti ohun èlò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Orúkọ wọn lẹ̀ mọ́ fídíò wọn, kò sì sí bí ẹlòmíràn ṣe lè gbà á jó kí ó di tirẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní irú ẹ̀bùn báyìí, ẹ sọ fún un pé kó sọ orúkọ rẹ̀ jáde nínú fídíò náà gan-an, kó sì kọ ọ́ sára àwòrán, kí ó má ṣe kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ nìkan. Ohun tí a bá kọ sí abẹ́ fídíò kì í bá a dé ojú òpó mìíràn.

Apá tó le jù ló kù yìí. Ní oṣù kìíní 2021, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kan kú ní ìlú Palermo ní Ítálì. Wọ́n so ikú rẹ̀ mọ́ ìpèníjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń gba èémí lẹ́nu ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ ní àkáǹtì lórí TikTok rárá, nítorí ọdún 13 ni òfin TikTok fúnra rẹ̀. Àjọ tó ń dáàbò bo àṣírí àwọn aráàlú ní Ítálì pàṣẹ pé TikTok gbọ́dọ̀ ti ẹnikẹ́ni tí kò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀ dájú síta. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, gbogbo àwọn tó ń lò ó ní orílẹ̀-èdè náà ní láti tún sọ ọjọ́ ìbí wọn kí wọ́n tó lè wọlé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá mìíràn ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ pe TikTok lẹ́jọ́. Láti 1996, òfin Amẹ́ríkà kan ti ń dáàbò bo àwọn oní-ojú-òpó pé ohun tí ẹlòmíràn bá gbé síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, kì í ṣe tiwọn. Ilé ẹjọ́ kékeré fi òfin yẹn lé ìyá náà padà. Kò sinmi. Ní oṣù kẹjọ 2024, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Philadelphia dá a láre lórí ọ̀ràn náà. Àwọn adájọ́ sọ pé ọmọ náà kò wá fídíò yẹn lọ. Ẹ̀rọ TikTok ló yàn án, tó gbé e síwájú rẹ̀. Yíyàn yẹn, ọ̀rọ̀ TikTok fúnra rẹ̀ ni, òfin 1996 kò sì bò ó. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà fún gbígbọ́. Mo ka ìdájọ́ yìí sí ọ̀kan lára àwọn tó ṣe pàtàkì jù nípa íntánẹ́ẹ̀tì ní àkókò tiwa, nítorí pé ó sọ ní èdè òfin ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ti fura sí tipẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a kò lè ṣe nǹkan kan. Ní oṣù keje 2022, Instagram fẹ́ di TikTok kejì: ó ń da fídíò àwọn àjèjì bo àwòrán àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Àwọn ènìyàn yarí, àwọn gbajúmọ̀ bíi Kim Kardashian dá sí i, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá ibẹ̀, Adam Mosseri, fi kéde pé àwọn á dín in kù.

Tiwa kò nílò kí a jẹ́ gbajúmọ̀. Lórí Facebook, ẹ lọ sí ibi ètò inú rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Autoplay" sí, kí ẹ sì yan "Never". Fídíò á dúró títí ẹ ó fi ní kó ṣí, dátà yín á sì pẹ́ sí i. Lórí TikTok, bí fídíò tí kò dára bá yọjú, ẹ má ṣe dúró wò ó tán nítorí ìbínú, nítorí ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹ ń bínú. Pé ẹ dúró ni yóò kà. Ẹ tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ yan "Not interested". Fún ọmọ tó ti pé ọdún 13, "Family Pairing" wà tó ń so fóònù òbí mọ́ ti ọmọ, kí òbí lè pinnu iye wákàtí àti irú fídíò tí ọmọ ń rí.

Èyí tí mo sì ń bẹ̀ yín jù lọ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí. Ọ̀pọ̀ wa ti fi ọjọ́ ìbí ara wa ṣí àkáǹtì fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, kí ó má baà máa dà wá láàmú. Láti ọjọ́ náà lọ, àgbàlagbà ni ẹ̀rọ náà mọ ọmọ yẹn sí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìdènà tí wọ́n ṣe fún ọmọdé tó máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tàbí àjọ ìjọba tó lè bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ pa á rẹ́ lálẹ́ òní, kí ẹ sì fi ọjọ́ ìbí ọmọ náà gan-an ṣí tuntun nígbà tó bá pé ọdún 13.